Ọwọ́ Tó Kọ̀ Tí Kò Sọ̀kalẹ̀

Obìnrin kan wà tó ti ń rán kọ́là ẹ̀wù láti ọdún mọ́kàndínlógún wá. Kọ́là nìkan. Kì í rán apá, kì í rán bọ́tìnnì, kì í sì í fojú kan ẹ̀wù tó ti parí àfi tó bá rí i lọ́rùn ẹni tó ń kọjá lọ ní títì. Abẹ́rẹ́ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ mú, ọwọ́ rẹ̀ sì yá. Onísọkúsọ kì í fi ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣe ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ọ́n lẹ́nu iṣẹ́, Abẹ́rẹ́ ẹlẹ́nu mímú yìí kan náà á na ọwọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, á sì máa wo ojú ọ̀gá.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyí. Ogójì obìnrin ló jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ ní ìlà mẹ́rin, nínú gbọ̀ngàn kan tí fèrèsé rẹ̀ ga ju orí ènìyàn lọ. Pátákó pupa kan, tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbọ́dọ̀ na ọwọ́ sókè, kó dúró títí alábòójútó á fi rí i. Alábòójútó á wo aago, á mi orí, onítọ̀hún á wá dìde lọ mú pátákó náà. Ìṣẹ́jú mẹ́rin. Bí pátákó kò bá sí lórí ìṣó, ẹlòmíràn ti mú un lọ nìyẹn, kí o yáa mú ìtọ̀ rẹ mọ́ra. Ogójì obìnrin, pátákó kan! Àwọn míì lára wọn ti ní ọmọ-ọmọ. Wọ́n ti sin òbí, wọ́n ti fa ọmọ fún ọkọ, wọ́n sì tún ń tọrọ àyè kí wọ́n tó lọ tọ̀.

Ọ̀gá Aago ni wọ́n ń pe alábòójútó náà lẹ́yìn, nítorí aago tó fi okùn gbé kọ́rùn. Àbúrò Abẹ́rẹ́ tó kéré jù lọ ṣe ẹ̀gbọ́n fún un. Kò burú, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ó máa ń kí wọn láàárọ̀, ó máa ń bèèrè àlàáfíà àwọn ọmọ. Ohun tó tiẹ̀ ń múni bínú jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Bó bá jẹ́ ìkà ni, à bá ṣépè fún un, ọkàn wa á sì fúyẹ́. Kí la fẹ́ ṣe fún ẹni tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bó ṣe ń wo aago, kó tó jẹ́ kí ìyá ọlọ́mọ lọ tọ̀?

Ọgbọ́n tí àwọn obìnrin náà dá sí i ni pé wọn kì í mu omi. Láti àárọ̀ títí di aago mẹ́rin, bí ahọ́n wọn bá gbẹ kó gbẹ, omi kò ní kan ẹnu wọn. Alápò nìkan ni kò rí ọgbọ́n yìí dá. Òun ló jókòó ti Abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ọ̀tún, àpò àyà ẹ̀wù ló ń rán, oyún oṣù méje sì wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó na ọwọ́, na ọwọ́, pátákó kò sí lórí ìṣó. Nígbà tí pátákó máa fi dé, ìjókòó rẹ̀ ti tutù. Gbogbo ìlà náà tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ wọn bí ẹni tí kò rí nǹkan kan. Abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ náà tẹjú mọ́ tirẹ̀. Ó ń rán kọ́là lọ, omijé ń bọ́ sórí kọ́là.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìsàlẹ̀ ikùn òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, tí ìtọ̀ sì ń ta á bí ata. Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ ẹ́ wò kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

"Mà, ẹ̀ẹ̀kẹta rèé lọ́dún yìí o. Ẹ máa mu omi dáadáa. Bí ìtọ̀ bá sì ti ń gbọ̀n yín, ẹ dìde kí ẹ lọ tọ̀. Bí ẹ bá tún ń mú un mọ́ra, kíndìnrín yín lẹ fi ń ṣeré yẹn."

"Mo ti gbọ́, nọ́ọ̀sì."

"Kí ló tiẹ̀ ń dá yín dúró gan-an?"

Abẹ́rẹ́ fẹ́ sọ ọ́, ojú tì í. Báwo ni àgbàlagbà á ṣe la ẹnu pé wọn kò tíì fún òun láyè ni? Ó ní iṣẹ́ ló ń pọ̀.

Ní ilé iṣẹ́ yìí kan náà, yàrá kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn onígíláàsì, níbi tí wọ́n ti ń gé aṣọ kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn aránṣọ. Obìnrin àgbà kan ló wà níbẹ̀, Ìyá Agéṣọ ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Á tẹ́ aṣọ lé orí ara wọn ní ìpele ogójì lórí tábìlì gígùn, á fi ẹfun fa ìlà sí i, á rora gé e. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣì lẹ́ẹ̀kan péré, ogójì ẹ̀wù ló bàjẹ́, nítorí náà kò sí ẹni tó jẹ́ sọ fún un pé kó yára. Kò sí aago lórí rẹ̀, kò sí pátákó. Bó bá wù ú, á jáde. Bó bá wù ú, á wọlé. Ife omi kan sì máa ń wà lójú fèrèsé rẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Láti ibi tí Abẹ́rẹ́ jókòó sí, ó ń rí ife náà. Ẹlòmíràn ì bá máa ṣe ìlara àlùmọ́gàjí ńlá ọwọ́ Ìyá Agéṣọ. Ife omi yẹn ni Abẹ́rẹ́ ń wò.

Ìyá Agéṣọ fẹ́ fẹ̀yìn tì. Ó sì ti tó ọdún méjì tó ti ń kọ́ Abẹ́rẹ́ níṣẹ́ náà ní wéréwéré, ní ìgbà tí àwọn yòókù bá jáde lọ jẹun. Ó ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wo ojú aṣọ, bí wọ́n ṣe ń tò ó kí èyí tó máa ṣòfò má pọ̀. Nígbà tí àwọn ará ọ́fíìsì wá dán Abẹ́rẹ́ wò, ó gé ìpele ogójì láìṣì lẹ́ẹ̀kan, èyí tó sì ṣòfò kò kún àpò kan. Àwọn fúnra wọn pàtẹ́wọ́, wọ́n ní òun ló máa rọ́pò Ìyá Agéṣọ. Ìyá Agéṣọ fọwọ́ kàn án léjìká.

"Abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí," ló wí. "Tètè gbà á, kí wọ́n tó yí ọkàn padà."

Akọ̀wé wá fún un ní fọ́ọ̀mù kan, ó ní kó dá a padà lọ́jọ́ Ajé. Abẹ́rẹ́ kà á dé ìsàlẹ̀. Ìlà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ sí lábẹ́ pé: Ìfọwọ́sí Olórí Ìdílé.

"Kí lèyí wà fún?"

"Aago mẹ́fà àárọ̀ ni agéṣọ ń wọṣẹ́, mà. Obìnrin kan wà nígbà kan, ọkọ rẹ̀ wá pariwo lẹ́nu géètì pé a gba ìyàwó òun mọ́ òun lọ́wọ́. Látìgbà náà ni àwọn obìnrin ti ń mú ìfọwọ́sí wá."

Ẹ gbọ́ ná. Àwọn ọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ilé iṣẹ́ yẹn, aago mẹ́rin ìdájí ni wọ́n ń gbéra. Ta ló ti bi wọ́n pé níbo ni ìwé ìyàwó wọn wà? Ọkọ ẹnì kan ló pariwo lẹ́ẹ̀kan, gbogbo obìnrin wá ń ru ẹrù rẹ̀ kiri títí dòní. Abẹ́rẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ó ká fọ́ọ̀mù náà sínú báàgì rẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ ìfọwọ́sí kò le, ṣebí ọkọ òun ni.

Ọkọ rẹ̀ yìí, aṣọ́nà ni ní ilé gíga kan tí ó kún fún ọ́fíìsì. Láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹsẹ̀ ló fi ń dúró. Bí ọkọ̀ bá fọn fèrè, á sáré ṣí géètì, á kí wọn tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n á sì kọjá lọ bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ló ṣí i. Abẹ́rẹ́ gbé agbòòrùn lọ fún un níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì fojú ara rẹ̀ rí bí ọmọ kékeré kan ṣe ju kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sí i láyà, pé kó bá òun wá ibi tí òun á gbé ọkọ̀ sí. Ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ṣa kọ́kọ́rọ́ nílẹ̀, ó ní, "Ó dáa, sà." Abẹ́rẹ́ fi igi kan bo ara, kí ọkọ rẹ̀ má baà mọ̀ pé òun rí i.

Ọkùnrin tó ń ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ayé láti òwúrọ̀, bó bá délé, títi ilẹ̀kùn nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe. Òun ló ń sọ fèrèsé tí wọ́n á ṣí àti èyí tí wọn kò gbọdọ̀ ṣí. Òun ló ń sọ ẹni tó máa jókòó síbi tó dojú kọ tẹlifíṣọ̀n, bó bá sì sùn lọ, rìmóòtù á wà lábẹ́ itan rẹ̀. Síbẹ̀ iṣẹ́ kò fi í sílẹ̀. Bí ọkọ̀ kan bá fọn fèrè ní àdúgbò, á ti nàró kó tó rántí pé ilé lòun wà. Àwọn ọmọ máa ń rẹ́rìn-ín, Abẹ́rẹ́ á ní kí wọ́n dákẹ́. Àánú rẹ̀ máa ń ṣe é. Ṣùgbọ́n wọn kì í fi àánú mu omi.

"Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọwọ́ sí ìwé yìí."

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Aago mẹ́fà? Ta ni yóò máa po tíì mi?"

"Nọ́ọ̀sì ní bí mo bá tún ń mú ìtọ̀ mọ́ra, ó lè di ọ̀rọ̀ kíndìnrín. Wọn kì í wo aago lé agéṣọ lórí."

"Ṣebí wọ́n ti fún ọ lóògùn?"

"Wọ́n fún mi. Ó ti di ẹ̀ẹ̀kẹta."

"Ọ̀rọ̀ yìí ju kí èmi nìkan dá a gbé lọ," ọkọ rẹ̀ ká ìwé náà, ó fi í sápò. "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ. Mo máa pe àwọn ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ Àìkú."

Àwọn ẹ̀gbọ́n! Kí obìnrin ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta tó lè lọ tọ̀ nígbà tó bá ń gbọ̀n ọ́n, ẹbí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pé jọ.

Wọ́n pé jọ lóòótọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú náà, Bọ̀ọ̀dá Àgbà jókòó sórí àga ńlá, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, tó ṣì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń dá ọkọ̀ ojú irin dúró. Àǹtí Àgbà, obìnrin kan ṣoṣo láàárín àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ, jókòó ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọkọ wà láàárín. Abẹ́rẹ́ wà lórí àpótí kékeré lẹ́bàá ilẹ̀kùn, nítorí àga kò kárí. Ọmọbìnrin wọn, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé rẹ̀ ní igun yàrá. Fọ́ọ̀mù náà sì wà lórí tábìlì àárín.

"Ṣé ó máa lè máa jí?" Bọ̀ọ̀dá Àgbà bi ọkọ.

"Ó ń jí o. Ọ̀rọ̀ jíjí kọ́. Ọ̀rọ̀ ilé ni."

"Ṣé ara rẹ̀ gba nǹkan bẹ́ẹ̀?" Àǹtí Àgbà náà bi ọkọ. "Àlùmọ́gàjí ńlá yẹn wúwo o. Mo ti rí i rí."

"Èmi náà ń rò ó."

"Bó bá wá di ọ̀gá níbẹ̀ ńkọ́?" ni Bọ̀ọ̀dá Àgbà wí. "Obìnrin tí kò sẹ́ni tó ń mójú tó o láti aago mẹ́fà! Ìtọ́nisọ́nà dáa fún ènìyàn."

Àwọn àgbà ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Àwọn wọ̀nyí kò dúró kí olórí kúrò nílé, ojú rẹ̀ kòrókòró ni wọ́n ti ń fá a, wọn kò sì bi í bóyá abẹ ń dùn ún. Abẹ́rẹ́ ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti àárọ̀ ló ti ń mu omi bí nọ́ọ̀sì ṣe wí, ife mẹ́rin gbáko, ìtọ̀ sì ti dé sí i. Ó ń yí ìdí padà lórí àpótí, ó ń dúró kí Bọ̀ọ̀dá Àgbà dánu dúró. Bọ̀ọ̀dá Àgbà kò dánu dúró.

Abẹ́rẹ́ bá na ọwọ́ sókè.

Kò mọ̀ pé òun na án. Apá ọ̀tún rẹ̀ ló kàn dìde, ó nà gbọọrọ sókè, ìka mẹ́rin lẹ̀ mọ́ ara wọn, bó ṣe máa ń ṣe láti ọdún mọ́kàndínlógún wá. Bọ̀ọ̀dá Àgbà ní, "Kí ló ní?" Ọkọ rẹ̀ sì wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ẹ ò gbọ́ mi ni? Mo ní ó wo aago! Lẹ́yìn náà ló mi orí.

"Sọ̀rọ̀."

"Mo fẹ́ lọ tọ̀ ni," ni Abẹ́rẹ́ wí.

Ẹ̀rín bú sílẹ̀. Àǹtí Àgbà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìgbáròkó mú. Bọ̀ọ̀dá Àgbà ní, "Wọ́n kọ́ ọ dáadáa níbi iṣẹ́, ìyàwó wa! Èyí ni mò ń pè ní ìtọ́nisọ́nà." Ọkọ rẹ̀ náà ń rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ sì dùn, ẹ̀yin tó ti rí ẹni tí wọn kì í kí níbi iṣẹ́ á mọ bí inú rẹ̀ ṣe dùn tó.

"Máa lọ. Má pẹ́ o."

"Ẹ ṣé," ni Abẹ́rẹ́ wí, ó sì dìde.

Ó ti jókòó nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó ti tọ̀ tán, kó tó gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ sọ. Ẹ ṣé. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí òun ń fọ̀ láràárọ̀ láti ọdún mẹ́tàdínlógún. Òun ló gbé garawa yẹn wá síbẹ̀, òun ló fi ìṣó kan ibi tí wọ́n ń fi aṣọ ìnura kọ́. Òun náà ló sì tọrọ àyè kí òun tó wá síbẹ̀, tí wọ́n fún un, tó sì dúpẹ́! Ìbínú gbá a mú láti àtẹ́lẹsẹ̀ wá. Kì í ṣe ìbínú sí Bọ̀ọ̀dá Àgbà, kì í tiẹ̀ ṣe sí ọkọ. Apá ọ̀tún rẹ̀ ló ń bínú sí, ó wò ó lórí itan rẹ̀ níbẹ̀ bí ẹni wo ọmọ ọ̀dàlẹ̀. Ta ló ni apá yìí gan-an? Ní ilé iṣẹ́, Ọ̀gá Aago ló ni ín. Ní ilé, ẹni tó bá jókòó sórí àga ni. Ìgbà wo ló wá máa ń jẹ́ tòun?

Ìṣẹ́jú mẹ́rin kọjá. Ó mọ̀, ara rẹ̀ ti mọ ìṣẹ́jú mẹ́rin ju bó ṣe mọ orúkọ lọ. Ó jókòó síbẹ̀. Ó di márùn-ún, ó di mẹ́wàá. Ọkọ rẹ̀ wá kan ilẹ̀kùn.

"Ṣé o ti sùn síbẹ̀ ni?"

"Mi ò tíì ṣe tán."

"Ìgbà wo lo máa ṣe tán?"

"Ìgbà tí mo bá ṣe tán."

Ọkọ rẹ̀ dúró díẹ̀ sí i lẹ́nu ọ̀nà, bí ẹni tí kò mọ èdè tí wọ́n fi dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà ló padà sórí àga.

Nígbà tí Abẹ́rẹ́ jáde, kò padà sórí àpótí. Ó kọjá lọ bá ọmọbìnrin rẹ̀ ní igun.

"Bírò rẹ dà?"

Ọmọ náà gbé e fún un. Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sórí tábìlì àárín, níwájú orúnkún Bọ̀ọ̀dá Àgbà, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sórí ìlà tí wọ́n kọ Olórí Ìdílé sí lábẹ́. Kò kánjú. Ó kọ ọ́ kedere, bí ẹni tó ń fi ẹfun fa ìlà sórí aṣọ.

"Kí lo ń ṣe yẹn?" Bọ̀ọ̀dá Àgbà ké. "Ìyàwó!"

"Mò ń fọwọ́ sí i, sà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

Ọkọ rẹ̀ ti dìde. "Ta ló fún ọ láyè?"

"Ẹ wo aago yín, Bàbá wọn," ohùn Abẹ́rẹ́ kò ga. "Òun lẹ wò kí ẹ tó jẹ́ kí n lọ tọ̀. Nínú ilé wa! Ẹ ò wo ojú mi. Aago lẹ wò."

"Èmi? Èmi wo aago?"

Àǹtí Àgbà ń wo ilẹ̀, ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀ pátápátá.

"O wò ó, àbúrò mi," ló wí. "Mo rí ọ. Bí bàbá àwọn ọmọ tèmi náà ṣe máa ń ṣe nìyẹn títí ó fi kú."

"Ẹ̀yin náà, Àǹtí?" Ọkọ yíjú sí i, ó tún yíjú sí ìyàwó. Ó na ìka sí i. "Mo ní ta ló fún ọ láyè? Nínú ilé yìí, èmi ni mo..."

Bí ọkọ̀ kan ṣe fọn fèrè ní títì nìyẹn. Ọkùnrin náà yíra padà wéré, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ó nàró ṣánṣán, ọwọ́ tó fi ń nàka tẹ́lẹ̀ ti dé ẹ̀gbẹ́ orí láti kí wọn. Ó wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó rántí. Lọ́jọ́ yìí, ọmọbìnrin wọn kò rẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó rọra sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó jókòó, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni mọ́. Àánú rẹ̀ ṣe Abẹ́rẹ́ dé ọkàn. Ó ká fọ́ọ̀mù náà, ó fi í sínú báàgì.

Lọ́jọ́ Ajé, ó gbé e dé ọ́fíìsì. Gbogbo ọ̀nà ló ti ń to èsì jọ. Bí wọ́n bá ní ta ló fọwọ́ sí i, á ní òun ni. Bí wọ́n bá ní olórí ìdílé dà, á ní òun náà ló dúró yìí. Bí wọ́n bá ní rárá, á ké, gbogbo ilé iṣẹ́ á gbọ́. Akọ̀wé gba ìwé náà, kò ṣí i, ó jù ú sínú páálí kan lábẹ́ tábìlì lórí àwọn tó ti wà níbẹ̀.

"Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mà."

"Ẹ ò wo ìfọwọ́sí?"

"Ta ló ń wo ìyẹn? Ó ṣáà ti délẹ̀. A kò tíì ṣí páálí yìí rí látìgbà tí mo ti dé."

Ó yẹ kí ayọ̀ sọ nínú Abẹ́rẹ́. Inú ló bí i, inú bí i ju ti ọjọ́ Àìkú lọ. Páálí! Ó wo bí ìwé inú rẹ̀ ṣe ga tó, ó sì ń ro iye obìnrin tó ti kúnlẹ̀ bẹ ọkọ nítorí wọn, iye ẹbí tó ti pé jọ, iye ẹni tí wọ́n kọ̀ fún tó sì padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀ láìsọ̀rọ̀ mọ́. Kò sẹ́ni tó ka ọ̀kan rí. Ilẹ̀kùn tí kò ní àgádágodo ni gbogbo wọn ti ń kúnlẹ̀ sí láti wá kọ́kọ́rọ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ìyá Agéṣọ ṣì wà níbẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ á fi parí, ó sì ti bá a gbé ife omi tirẹ̀ sójú fèrèsé, ife wá di méjì ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Abẹ́rẹ́ mu ún tán láàárín wákàtí kan. Ó tún bu òmíràn. Nǹkan bí aago mẹ́wàá, bó ṣe ń fa ìlà lọ, Ìyá Agéṣọ gbójú sókè.

"Ta lò ń nawọ́ sí?"

Abẹ́rẹ́ wo apá rẹ̀. Ó wà lókè, ó nà gbọọrọ. Ògiri nìkan ló wà níwájú wọn.

"Kì í sọ̀kalẹ̀ kíákíá," ni Ìyá Agéṣọ wí, kò rẹ́rìn-ín. "Ọdún mẹ́ta ni mo fi nawọ́ sí ògiri yẹn."

Abẹ́rẹ́ fi ọwọ́ òsì mú ọwọ́ ọ̀tún sọ̀kalẹ̀. Ó gbé ẹfun sílẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn onígíláàsì, ó sì gba àárín gbọ̀ngàn kọjá lọ, ó ń rìn bí ẹni tí kò sí nǹkan kan tó ń lé e. Nígbà tó ń padà bọ̀, ó rí Alápò. Ọwọ́ Alápò wà lókè, ọwọ́ kejì wà lábẹ́ oyún rẹ̀. Pátákó pupa wà lórí ìṣó. Ọ̀gá Aago ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ ní ìlà kẹrin, kò rí i.

Abẹ́rẹ́ yọ pátákó náà lórí ìṣó. Gbogbo ìlà náà gbójú sókè. Ó rìn lọ bá Alápò, ó fi pátákó sí i lọ́wọ́ tó wà lábẹ́ oyún, ó sì pa ìka rẹ̀ dé lé e lórí.

"Dìde. Máa lọ."

Alápò wo pátákó náà, ó wo Abẹ́rẹ́. Ìtọ̀ ti ń ká a lára débi tí kò lè fara dà á mọ́, ó hàn lójú rẹ̀. Ó di pátákó náà mú dáadáa. Ṣùgbọ́n kò dìde. Ọwọ́ rẹ̀ kejì ṣì wà lókè, ó ń wo ìlà kẹrin, ó ń retí kí Ọ̀gá Aago mi orí.